Bukà Abẹ́ Igi, Gádìnì Onímọ̀ Ọ̀pẹ, tàbí Ìdí Sùyà: Níbo Ni Kí Ẹ Ti Jẹun Níta ní Ilé-Ifẹ̀?

Ẹni tí àlejò bá dé bá ní Ilé-Ifẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi gbogbo ojúlùmọ̀ rẹ̀: ibo ni mo lè mú wọn lọ tí a ti máa jókòó níta, kí atẹ́gùn fẹ́ sí wa lára, kí oúnjẹ ibẹ̀ sì dùn bíi ti àtijọ́? Orúkọ ibì kan ni wọ́n máa ń fi dá a lóhùn. "Lọ sọ́dọ̀ ìyá báyìí lọ́nà Oǹdó, ọwọ́ ẹ̀ dùn." Òun náà á kó àlejò rẹ̀ débẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, á bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ha ìdí ìkòkò, á sì fi ìbínú padà sílé pé wọ́n tan òun jẹ. Ẹnikẹ́ni ò tàn án jẹ. Aago ni wọn ò sọ fún un.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ní dárúkọ olóúnjẹ kankan níbí. Olóúnjẹ ń kó kúrò, ọmọ ń gba ìdí ìkòkò lọ́wọ́ ìyá, ọwọ́ sì ń yí padà. Irú ibi tó wà ni mo fẹ́ fi wé ara wọn, mẹ́ta péré: bukà àtijọ́ abẹ́ igi, gádìnì tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò kó lè dà bíi ti àtijọ́, àti ìdí sùyà ní Sábó. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé àkókò tí oúnjẹ kúrò lórí iná ló yẹ kí ẹ fi yan ibi tí ẹ máa lọ, ṣáájú ẹwà ibẹ̀, ṣáájú òkìkí, kódà ṣáájú owó.

## Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀

Bukà àtijọ́ ò ṣòro í dá mọ̀. Igi máńgòrò tàbí igi fúrúùtù ló ṣíji bò ó, pẹ̀lú páànù díẹ̀ tí wọ́n nà jáde. Bẹ́ǹṣì gígùn méjì tàbí mẹ́ta wà níbẹ̀ tí ìjókòó ọ̀pọ̀ ọdún ti mú kó máa dán, àti tábìlì tí wọ́n fi rọ́bà olódòdó bò. Ààrò wà ní gbangba, igi ìdáná wà nílẹ̀ ní òkìtì, odó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn kan ṣì ń fi àwo tánganran bu oúnjẹ, èyí tí etí rẹ̀ ti hó díẹ̀díẹ̀. Láti Ìrémọ dé Lágéré dé Modákẹ́kẹ́, irú rẹ̀ ò wọ́n, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà sì ní tiwọn nínú ọgbà.

Gádìnì ní tiẹ̀ jẹ́ àtọwọ́dá. Ẹni tó ni ín mọ̀ pé àárò àtijọ́ ń sọ wá, ó sì kọ́ ibẹ̀ bẹ́ẹ̀: imọ̀ ọ̀pẹ lórí, ọparun ní ẹ̀gbẹ́, igbá àti ahá tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri, rédíò onígi ńlá kan tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́, àti iná wẹ́wẹ́ tí wọ́n fà láti igi kan dé èkejì. Orin jùjú àti háíláìfù ayé ọjọ́un ń bọ̀ láti inú sípíkà. Àga rẹ̀ ní ìfẹ̀yìntì. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń dáná, ẹ ò sì ní rí i.

Ní Sábó, níbi tí àwọn Hausa ń gbé gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, iná kì í gbéra títí oòrùn á fi máa wọ̀. Ẹran tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, tí wọ́n gún mọ́ igi, á to yí iná náà ká. Bẹ́ǹṣì kan, tábìlì kan, gílóòbù kan. Ẹnikẹ́ni ò ṣe ibẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ kó lè dà bíi ti àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí látọjọ́ tó ti pẹ́.

| | Bukà abẹ́ igi | Gádìnì onímọ̀ ọ̀pẹ | Ìdí sùyà |
|---|---|---|---|
| Àkókò tó dára jù | aago méjìlá sí méjì ọ̀sán | aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lọ sókè | aago méje sí mẹ́sàn-án alẹ́ |
| Ohun tó yẹ kí ẹ pè | iyán, àmàlà, ẹ̀fọ́, ẹran ìgbẹ́ | pẹpẹ súùpù ẹja, ẹja sísun, àsun | sùyà, tọ́zò, wàínà |
| Ìdúró | ìṣẹ́jú díẹ̀ | ó lè tó wákàtí kan | kò pẹ́ rárá |
| Ìjókòó | bẹ́ǹṣì | àga onífẹ̀yìntì | bẹ́ǹṣì, tàbí ìdúró |
| Tí òjò bá dé | páànù á gbà yín díẹ̀ | imọ̀ tó ti gbó máa ń jò | wọ́n á kó ẹran wọlé |

## Iyán ni kí ẹ fi dán bukà wò

"Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn" ni àwọn àgbà wí, ọmọ Ifẹ̀ àti ọmọ Ìjẹ̀ṣà ò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀. Iyán ni mo máa ń fi dán bukà wò nítorí pé kò ṣeé fi tan èèyàn jẹ. Àmàlà lè wà nínú kúlà fún ìgbà díẹ̀ kó ṣì ṣeé jẹ. Iyán tó bá ti pẹ́ nínú kúlà á ti làágùn, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa yọ̀, inú rẹ̀ á ti le. Ẹ ò nílò ẹni tó máa sọ fún yín, ọwọ́ yín á ti mọ̀ kó tó dé ẹnu.

Ẹ tètè débẹ̀, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ààbọ̀, kí ẹ sì jókòó síbi tí ẹ ti lè rí odó. Ẹni méjì ló sábà máa ń gún un, ọmọ odó kan ń lọ sókè bí èkejì ṣe ń bọ̀ nílẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ìró rẹ̀ gbẹ, nítorí pé iṣu ṣì wà ní wẹ́wẹ́ nínú odó. Nígbà tó bá yá, ìró yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, iṣu á máa fà mọ́ ọmọ odó, àwọn tó ń gún un á dákẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Ìyá oníyán á dá wọn dúró. Á ti ọwọ́ bọ omi, á yí iyán náà po, á fi àtàǹpàkò wá kókó inú rẹ̀, èyí tó bá rí á yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Á wọ́n omi díẹ̀ sí i, á ní kí wọ́n tún gbé ọwọ́ sí i. Ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, tó ń yí i róbótó róbótó sínú ewé tàbí ọ̀rá, ni kí ẹ nawọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó tẹ̀ lé ìyẹn ni gbogbo ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ jáde nílé.

Níbi tí wọ́n bá ṣì ń fi ewé eéran dì í, ẹ máa náwó níbẹ̀. Ewé náà ń fi òórùn díẹ̀ sí iyán lára, kì í sì í jẹ́ kí omi dúró sí i lẹ́yìn bíi ti ọ̀rá. Inú èso ewé yìí kan náà ni wọ́n ti ń yọ ohun adùn tí wọ́n ń pè ní thaumatin, tó dùn ju ṣúgà lọ lọ́nà tó kọjá àfẹnusọ, abẹ́ ibòòji igbó wa níhìn-ín ló sì ti ń hù. Ó dùn mí pé ọ̀rá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò lọ́jà.

Àsìkò iṣu náà ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Láti oṣù keje dé oṣù kẹsàn-án, iṣu tuntun ló gba ọjà. Omi pọ̀ nínú rẹ̀, iyán rẹ̀ máa ń rọ̀ jù, kì í sì í fà dáadáa. Olóúnjẹ tó mọṣẹ́ á wá èyí tó ti gbẹ díẹ̀ lọ, á san owó tó ju ti ẹlòmíì lọ, iyán tiẹ̀ náà á sì wọ́n. Ẹ má bá a jà lórí owó yẹn. Tó bá fi máa di oṣù kọkànlá títí dé bí oṣù kẹta, iṣu ti gbó, ó ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ, ìgbà yẹn ni iyán bukà dára jù lọ láàárín ọdún.

Àwọn kan ti ń fi ẹ̀rọ gún iyán báyìí. Mo mọ ìdí rẹ̀: apá ń ro ìyá oníyán, ọmọ tí ì bá gún un ti gba Èkó lọ. Iyán ẹ̀rọ kì í ní kókó, èmi náà á jẹ ẹ́ tí ebi bá ń pa mí, ṣùgbọ́n ó máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, kì í sì í fà bíi ti odó. Ti oníyẹ̀fun, èyí tí wọ́n ń pè ní poundo, kò yẹ kó dé orí bẹ́ǹṣì bukà rárá. Ẹ béèrè kí ẹ tó ní kí wọ́n bu oúnjẹ: "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ti odó ni àbí ti ẹ̀rọ?" Ìyá tó gún un lódó á fi ayọ̀ dá yín lóhùn, á tún fi orí gbogbo ọmọ rẹ̀ búra lé e.

Ní ti ọbẹ̀, ẹ̀gúsí tí wọ́n fi ẹ̀fọ́ sí ló bá iyán mu jù, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ, tó bá sì jẹ́ worówó ni ẹ rí, ẹ má jẹ́ kó kọjá yín. Ọ̀yà yíyan lórí rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ ọdún fún mi. Ẹ kàn rí i pé wọ́n sè é dénú, kí ó má jẹ́ pé ẹ̀yìn nìkan ló gbóná.

## Àmàlà, fún ẹni tí kò ráyè

Àmàlà ò gba ìjókòó pípẹ́. Ẹ dé, ẹ dárúkọ, wọ́n bu ún, ẹ jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì ń jó yín lọ́wọ́, ẹ dìde. Àwọn tó tẹ Modákẹ́kẹ́ dó ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá, wọ́n sì gbé ọwọ́ àmàlà wọn dání. Tí ẹ bá ń wá abùlà gidi, ewédú, gbẹ̀gìrì àti ọbẹ̀ ata lórí ara wọn, ibẹ̀ ni kí ẹsẹ̀ yín kọ́kọ́ yà sí.

Ohun kan péré ni kí ẹ ṣọ́: gbẹ̀gìrì tètè máa ń kan, pàápàá nígbà ooru. Abùlà aago kan ọ̀sán àti abùlà aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, orúkọ wọn nìkan ló jọra. Tó bá ti di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ewédú àti ata nìkan, ẹ fi gbẹ̀gìrì sílẹ̀.

Kò sí ìwé tí wọ́n kọ iye owó sí ní bukà. Ẹ̀yin lẹ máa dárúkọ iye àmàlà tí ẹ fẹ́ ní náírà, lẹ́yìn náà ni ẹ óò ka ẹran: ṣàkì kan, fùkù kan, pọ̀nmọ́ méjì, ògúfe tó bá wà. Ibi ẹran lowó ti ń gòkè. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun yó láìná jù, kó ní kí wọ́n fi pọ̀nmọ́ àti ẹja dípò ògúfe, kó sì fi owó tó kù bu àmàlà sí i.

## Gádìnì: ẹ mọ ohun tí ẹ ń san owó fún

Mo fẹ́ràn gádìnì, mi ò sì bá ẹni tó ń lọ síbẹ̀ wí. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, kéèyàn fẹ̀yìn ti àga lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, kí gìtá jùjú àtijọ́ máa lọ ní jẹ́jẹ́, kí ilẹ̀ máa ṣú díẹ̀díẹ̀, ìsinmi ni. Ìjókòó yẹn ni ẹ ń san owó fún. Ìṣòro máa ń wáyé nígbà tí èèyàn bá rí igbá lára ògiri, tó wá rò pé ọwọ́ ìyá àgbà ló wà nínú ìkòkò. Igbá ara ògiri kì í se ọbẹ̀. Iyán tí ẹ pè níbẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́, inú kúlà ló ti ń bọ̀, tàbí inú ọ̀rá ìyẹ̀fun.

Nítorí náà, ohun tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn títí ẹ fi dé ni kí ẹ pè. Ẹja àrọ̀ ló kọ́kọ́ yẹ, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní "point and kill". Wọ́n á mú yín lọ sídìí ọpọ́n omi, ẹ óò rí àwọn ẹja náà tí wọ́n ń yí lórí ara wọn, ẹ óò nawọ́ sí èyí tó wù yín. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti dúnàá dúrà, nígbà tí ẹja ṣì wà nínú omi. Tí wọ́n bá ti lù ú lórí, ó ti di tiyín, iye tí wọ́n bá pè ni ẹ óò san. Ẹ tún sọ bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ, apá kan fún pẹpẹ súùpù, apá kan fún sísun, kí ẹ sì ní kí wọ́n má fi ata pa ọmọdé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fọkàn balẹ̀, torí kò ní yá. Àsun náà dára, pàápàá tí ẹ bá ń gbọ́ òórùn ewúrẹ́ tó ń jó lórí iná lọ́ọ̀ọ́kán.

Bíà Trophy ni ẹ máa rí lórí ọ̀pọ̀ tábìlì, kì í sì í ṣe àlejò lágbègbè yìí: Iléṣà ni ilé iṣẹ́ International Breweries ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní 1978. Ẹni tó bá fẹ́ ẹmu ló yẹ kó la ojú rẹ̀ dáadáa. Ẹmu àárọ̀ dùn, agbára rẹ̀ ò pọ̀. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ, ìwúkàrà inú rẹ̀ á máa sọ adùn náà di ọtí, tó bá fi máa di alẹ́, ó ti le, ó ti ń kan. Ẹmu tó bá ṣì ń dùn bí oyin ní aago mẹ́jọ alẹ́, láìjẹ́ pé inú fíríìjì ló wà látàárọ̀, wọ́n ti fi nǹkan sí i. Ẹ dá a padà pẹ̀lú sùúrù.

Tí àgbàlagbà bá wà pẹ̀lú yín, ẹ wá ibi tó jìnnà sí sípíkà kí ẹ tó jókòó. Ọ̀rọ̀ kì í wọlé mọ́ tí wọ́n bá ti gbé ohùn orin sókè lẹ́yìn aago mẹ́jọ.

## Ìdí sùyà

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ni wọ́n ń sè lójú yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹran wà níwájú yín, iná wà níwájú yín, yájì wà nínú àwo. Yájì yẹn, kúlíkúlí tí wọ́n lọ̀ mọ́ ata, atalẹ̀ àti àwọn èròjà mìíràn, ló ń mú kí ọwọ́ Mallam kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ẹ tọ́ ọ wò lọ́tọ̀ kí ẹ tó ní kí wọ́n wọ́n ọn lé gbogbo ẹran lórí.

Ẹ má gba èyí tí wọ́n ti yan sílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tún mú gbóná. Ẹ na ọwọ́ sí èyí tó ṣì ń kán ọ̀rá sínú iná, kí ẹ dúró tì í. Tọ́zò, ẹran iké màlúù, lọ́ràá ju ìyókù lọ, ó sì rọ̀ fún ẹni tí eyín rẹ̀ ò lágbára mọ́. Àlùbọ́sà tútù, tòmátì, kábéèjì, ó parí. Tí ẹ bá rí wàínà, àkàrà onírẹsì àwọn Hausa, níbẹ̀, ẹ fi ti sùyà lẹ́gbẹ̀ẹ́, á wá di oúnjẹ alẹ́ pátápátá. Lóṣù ààwẹ̀, lẹ́yìn ìṣínu ni kí ẹ tó lọ. Ṣáájú ìyẹn, kò sí iná, kò sì yẹ kí a máa yọ àwọn tó ń gbààwẹ̀ lẹ́nu.

Ìwé ìròyìn àtijọ́ tí àwọn kan fi ń dì í ni mi ò fẹ́. Ẹ gbé abọ́ tiyín dání, wọn kì í bínú sí i.

## Ta lẹ ń mú lọ?

Àlejò tó ti òkè òkun dé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo Ọ̀pá Ọ̀rányàn tàbí mùsíọ́ọ̀mù tó wà ní Ẹnuwá, bukà ọ̀sán ni kí ẹ mú un lọ, kódà tó bá ní òun fẹ́ gádìnì. Ohun tó ń wá kò sí lára ògiri. Lórí bẹ́ǹṣì, ẹnì kan tí kò mọ̀ ọ́n rí á ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀ fún wa", á jókòó tì í, á fọwọ́, á bu òkèlè àkọ́kọ́, á wá yíjú sí i: "Ẹ wá jẹun." Ẹ ti kọ́ ọ sílẹ̀ kó mọ̀ pé "á gba ibi ire o" ni èsì rẹ̀, kó má baà ti ọwọ́ bọ àwo onítọ̀hún.

Ìyá àgbà tí ẹ̀yìn ń dùn ò lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì fún wákàtí kan. Ẹ lọ ra iyán ní bukà ní ọ̀sán nígbà tó ń ti odó bọ̀, kí ẹ sáré gbé e délé fún un. Ìyẹn sàn ju kí ẹ mú un lọ jẹ iyán inú kúlà ní gádìnì lọ. Àwọn ọmọdé ní tiwọn, gádìnì ló rọrùn fún wọn, torí ààrò bukà wà nílẹ̀ gbalasa, omi gbígbóná sì ń kọjá lórí wọn ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ láti sọ fún ẹnì kan, ó ti mọ̀ pé bukà kọ́ nibẹ̀.

## Ìmọ́tótó

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wo ilẹ̀ àti aṣọ olóúnjẹ. Iná ni kí ẹ wò. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń kọ́ gbogbo ayé ni pé oúnjẹ tí a ti sè kò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ lásán ju wákàtí méjì lọ, èyí tí a bá sì fẹ́ mú dúró ní gbígbóná gbọ́dọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 60 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ̀sì. Ọbẹ̀ tó wà lórí ẹyín iná, tó ń hó díẹ̀díẹ̀, tí ooru ń jáde lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí i, ti kọjá ìwọ̀n yẹn. Ọbẹ̀ inú àwo dígí tí wọ́n tan iná pupa sí lórí, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara àwo náà kí ẹ tó gbà pé ó gbóná. Mo ti rí bukà onílẹ̀ erùpẹ̀ tí ọkàn mi balẹ̀ sí ju ilé oúnjẹ onítáìsì lọ, nítorí pé ìkòkò wọn kò kúrò lórí iná títí ó fi tán.

Omi ìfọwọ́ ló kù. Tó bá jẹ́ inú bàsíà kan náà ni gbogbo èèyàn ti ń fọwọ́, ẹ fi omi inú ọ̀rá kan fọ tiyín.

## Òjò, ọjọ́ ìsinmi, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́

Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, òjò lè ka yín mọ́ ibikíbi, ọ̀sán ló sì sàn jù, torí ìrọ̀lẹ́ ni òjò Ifẹ̀ sábà máa ń ṣú. Lásìkò ọyẹ́, eruku ni ìṣòro: ẹ jókòó ní ẹ̀yìn igi, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí títì.

Ọjọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ ìyá olóúnjẹ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mìíràn kì í sì í dáná rárá lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kí ẹ fi sí bukà, kí ẹ fi gádìnì sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Ní àyíká ọgbà yunifásítì, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà níléèwé. Nígbà tí wọ́n bá wà, ìkòkò tóbi, oúnjẹ ń yára tán, wọ́n ń sè é léraléra, gbogbo ẹ̀ ló gbóná. Tí wọ́n bá wà ní ìsinmi, ìkòkò á kéré, ọbẹ̀ àná á sì máa bá ti òní jókòó. Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, yan iṣẹ́ lódì fún oṣù mẹ́jọ ní 2022, ìyá tó ń ta oúnjẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Lásìkò bẹ́ẹ̀, àárín ìlú ni kí ẹ gbà lọ.

Nígbà ọdún Ọlọ́jọ́ ńkọ́? Èrò á kún Ẹnuwá débi pé ìjókòó á ṣòro í rí. Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ wo Ọọ̀ni pẹ̀lú adé Arè.

## Tí ẹ bá ní ọkọ̀: Iléṣà

Kìlómítà ọgbọ̀n ni, tàbí kó lé díẹ̀, ẹ óò gba Ọ̀ṣú kọjá. Tó bá jẹ́ iyán nìkan ni ẹ ń wá, tí gbogbo ọ̀sán sì jẹ́ tiyín, Iléṣà ni mo máa ní kí ẹ lọ, mi ò sì ní fi ìyẹn bínú sí Ifẹ̀. Ìjẹ̀ṣà ò fi iyán ṣeré. Ní àdúgbò Ọjà Àtàkúmọ̀sà, ọ̀pọ̀ bukà ṣì wà tí odó wọn kì í sinmi ní ọ̀sán, ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ló ń jẹun níbẹ̀, òun ò sì ní gba iyán tútù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Fún àmàlà, ẹ má wulẹ̀ ná owó epo, Modákẹ́kẹ́ wà nítòsí. Fún gádìnì pẹ̀lú, ìlú méjèèjì ò yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀, òkùnkùn ojú títì sì lè bá yín bí ẹ bá ń padà bọ̀. Tí ẹ bá pinnu láti lọ, ẹ kúrò ní Ifẹ̀ kí aago mọ́kànlá tó lù, kí ẹ sì ti mú owó lọ́wọ́, torí tíránsífà máa ń dúró lọ́nà nígbà tí ìyá oníyán bá ń dúró dè yín. Lọ́jọ́ ọdún Ìwúdè Ìjẹ̀ṣà, ẹ jẹun kí èrò tó jáde láti Ààfin Ọwá Obòkun, àbí kí ẹ sún ìrìn àjò náà sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.